Káàdì Bàbá Sàlámọ́tù ní Ọ́fíìsì Owó Orí Zaria

Ọmọ ọmọ mi kan tó ń kọ́ ìṣirò owó ní Sàmàrú wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ó ní wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí, pé ṣé kí òun kọ̀wé síbẹ̀. Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí irun mi fi funfun ló ń bi mí léèrè, ó sì yẹ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí, kì í ṣe owó oṣù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, kì í sì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì. Ọmọbìnrin kan ni mo máa ń rí, Sàlámọ́tù lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á, ìwé kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì wa ló kù kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ọwọ́ mi ni ìwé náà wà. Nítorí náà mo jókòó láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, fún ọmọ ọmọ mi àti fún ọ̀dọ́ tó bá ń ro iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Modúpẹ́ ni orúkọ mi. Ìhà Kàbà ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Sábọ̀n Gàrí ní Zaria ni wọ́n bí mi sí. Rélùwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Háúsá ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ju Yorùbá lọ, ìyá mi ló fi pàṣán kọ́ wa ní Yorùbá nínú ilé. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn rárá: mo jáde ìwé, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù náà kéré, àmọ́ oṣù kò kú kó má jẹ́ pé wọ́n san án. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ẹni tí mo bọ́ sí.

Màláàmù Gàmbo ni wọ́n ń pe olórí àwọn akọ̀wé wa. Ọmọ inú odi Zaria ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tó rí eyín rẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jẹ́ kí n máa ṣe àdàkọ orúkọ àwọn ènìyàn láti inú ìwé ńlá kan sínú òmíràn. Kò jẹ́ kí n ṣe ohunkóhun mìíràn. Tí mo bá kọ orí ewé kan tán, á gbé e sún mọ́ ojú, á wò ó títí. Tó bá rí lẹ́tà kan tó tẹ̀ síhìn-ín, á fa ewé náà ya láìbínú, á sì fi rúlà kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo sunkún, ó ní ẹni tí wọ́n bá ṣi orúkọ rẹ̀ kọ ni yóò sunkún, kì í ṣe èmi.

Bí ọkùnrin yìí ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn, títí ìkọ̀wé akọ̀wé mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ẹlòmíràn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí èyí ló ṣe pa á láṣẹ pé kí olúkúlùkù máa fọwọ́ sí etí káàdì tó bá kọ. Ó tún ní òfin kan tí kì í fi ṣeré. Ẹnikẹ́ni tó bá wá síwájú rẹ kí o kọ ọ́ sílẹ̀, bi í ní orúkọ rẹ̀, bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, gba rísíìtì ọdún tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kí o fi wé e. Ó ní ì báà jẹ́ bàbá tó bí ẹ. Ó sì kórìíra kí akọ̀wé wí fún ènìyàn pé “sai gobe”, ìyẹn ni pé ó di ọ̀la. Ó ní ẹni tó bá ti sọ pé ó di ọ̀la láìmọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la, irọ́ ló pa.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ òde òní á rẹ́rìn-ín. Kálámù onítàdáwà ni, àti bébà dúdú tí a ń tẹ́ sí abẹ́ ìwé kó lè yọ ní ẹ̀dà. A ní ẹ̀rọ ìṣirò kan tí a ń fi ọwọ́ yí bí ọlọ ata, tó bá ti dé orí ẹgbẹ̀rún á máa lọ́ra. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káàdì líle, ẹnì kọ̀ọ̀kan káàdì kan, nínú àpótí gígùn onígi. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo rẹ̀, èmi ni mo ń fi aṣọ nù wọ́n láràárọ̀. Nígbà òjò, ikán ni ọ̀tá wa. Mo ti rí ibi tí ikán ti jẹ ọdún méje owó orí ọkùnrin kan tán, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ pé òun san án.

Ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n gbé mi sí nígbà tí ọwọ́ mi gún tán, nítorí mo gbọ́ èdè mẹ́ta. Níbẹ̀ ni mo ti mọ àwọn ènìyàn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí lọ́dọọdún. Kí ló dé tí owó orí àpọ́n fi pọ̀ ju ti ẹni tó níyàwó lọ? Nítorí ìjọba ń yọ nǹkan kúrò fún ìyàwó kí wọ́n tó ṣírò. Ìyàwó méjì ńkọ́? Ọ̀kan ni ìjọba mọ̀. Àwọn alhaji kò gbà fún mi lórí èyí rí, wọ́n ní ṣé ọ̀kan ló ń jẹun ni. Ọmọ ńkọ́? Mẹ́rin péré ni wọ́n ń kà. Bàbá kan láti Ọ̀yọ́ kọ ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, ti ara rẹ̀ márùn-ún, ti àbúrò rẹ̀ olóògbé mẹ́fà. Mo ní kí ó mú mẹ́rin nínú wọn. Ó wò mí, ó ní èwo ni kí òun fi sílẹ̀ nínú wọn. Mo kọ mẹ́rin àkọ́kọ́.

Èyí tó le jù ni ti owó àdápadà. Tí wọ́n bá ti yọ owó orí ènìyàn jù lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó san án níbi méjì, ìjọba jẹ ẹ́ ní ìyókù. Òfin wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbà rẹ̀ padà dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fa omi sókè láti inú kànga láìní okùn tó tó. Fáìlì á lọ sí olú ọ́fíìsì wa ní Kàdúná, wọ́n á béèrè ìwé kan, á padà wá, a ó fi ìwé náà sí i, á tún lọ. Ènìyàn lè bímọ kó já a lẹ́nu ọmú kí ó tó dé.

Ọdún kejì tí mo dé ibẹ̀ ni mo ṣe àṣìṣe tí mò ń sọ yìí, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá kí a kọ káàdì fún wọn, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó orí nínú owó oṣù wọn. Wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ọ̀gá wọn dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Nígbà tó kan ẹni kan, mo gbójú sókè, Bàbá Sàlámọ́tù ni.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Sábọ̀n Gàrí, yàrá tiwọn kọjú sí tiwa. Ọmọ Ìlọrin ni, ó sì ti pẹ́ ní Zaria ju bàbá mi lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ rélùwéè bá gbé bàbá mi lọ sí ọ̀nà jíjìn, Bàbá Sàlámọ́tù ló ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síléèwé. Àti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò pe orúkọ àgbà létí ọmọdé? Bàbá Sàlámọ́tù ni gbogbo ilé ń pè é. Ó wá dúró síwájú mi ní káńtà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró dè mí. Ó yẹ kí n bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kí n sì gba rísíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Kí n la ojú sílẹ̀ kí n bi ẹni tó ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ pé, “Kí lorúkọ yín?” Mo yíjú sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Ó wo ìwé rẹ̀, ó pè é ní Rahimi Ilori. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdùnnú àti ìtìjú jọ dà pọ̀ mọ́ mi lára, mo gbàgbé láti fọwọ́ sí etí káàdì. Bàbá ní, “Ọlọ́run á bù sí i, ọmọ mi,” ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n lókè ọya níbí, ìlú tí ènìyàn ti wá ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá wá láti Ìlọrin, Ilori ló ń jẹ́ lẹ́nu àwọn Háúsá, àtòun àti ọmọ rẹ̀. Orúkọ Bàbá Sàlámọ́tù gan-an ni Ràímì Àlàbí. Ràímì Àlàbí yìí wà nínú ìwé owó orí àdúgbò láti ìgbà ayé òyìnbó. Lọ́dọọdún, ìránṣẹ́ mai anguwa, baálẹ̀ àdúgbò, máa ń wá gba haraji, ìyẹn owó orí náà, lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣooṣù, ilé iṣẹ́ ń yọ owó orí lórúkọ Rahimi Ilori. Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń san méjèèjì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní òun jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú, òun kò fẹ́ kí wọ́n mú òun ní gáréèjì pé òun kò ní rísíìtì.

Ọdún bíi márùn-ún kọjá. Sàlámọ́tù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lóbìnrin, jáde ìwé. Ọmọ tó dákẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ tútù, òun ló ń wẹ egbò gbogbo ọmọ inú ilé. Ó dán ìdánwò wò fún ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní ìlú mìíràn, wọ́n sì mú un. Lẹ́tà náà dé, Bàbá sì gbé e káàkiri Sábọ̀n Gàrí fún àwọn tí kò lè kà á pàápàá. Ohun kan ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé ẹ̀rí owó orí bàbá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta wá ní ọjọ́ ìwọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹni tí kò bá mú un wá, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bàbá wá sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú rísíìtì haraji tí ó ti di pọ̀ mọ́ra. Mo wá Ràímì Àlàbí nínú àpótí. Mo rí i, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Ìwé tí kò ní owó iṣẹ́, a kò lè fi ṣe ẹ̀rí. Mo bi í ibi tó ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo rántí ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ aṣọ kó wọn wá. Mo lọ síbi àpótí lẹ́tà R kejì, mo fa Rahimi Ilori jáde. Owó orí gbogbo oṣù pé lórí rẹ̀. Mo wo ìkọ̀wé náà. Mo mọ “h” mi.

Màláàmù Gàmbo ti wà lẹ́yìn mi. Ó gba káàdì méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ wọn sórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wo etí káàdì kejì, kò rí ìfọwọ́sí. Ó wá bá àwa akọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ló ṣi orúkọ yìí kọ, kí ẹni tó kọ ọ́ jẹ́wọ́, òun á fi tàdáwà pupa tún un ṣe nísinsìnyí, bàbá yìí á gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ó tó relé, a ó sì kọ ọ́ pé kí wọ́n dá owó haraji rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ méjì, òun kò lágbára sí i. Ó di ti Kàdúná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lójú ẹsẹ̀ yẹn, nítorí kò wúlò kí n máa parọ́ ní ọjọ́ orí yìí. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n lé akọ̀wé kan ní ẹ̀ka mìíràn dànù nítorí káàdì tó ṣì kọ. Bàbá mi ti kú. Owó oṣù mi ni ìyá mi àti àbúrò mẹ́ta ń jẹ. Mo wo ilẹ̀. Àwọn akọ̀wé méjì yòókù mi orí, wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Èmi náà mi orí.

Màláàmù Gàmbo bá yíjú sí Bàbá Sàlámọ́tù, ó bi í ní Háúsá, ó ní, “Baba, ta ló kọ orúkọ yìí fún yín lọ́jọ́ náà?”

Bàbá wò mí. Kò pẹ́ níbi tó ti wò mí, àmọ́ ó wò mí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ohun tí ó rí ni ọ̀gá kan tó ń wá ẹni tó ṣẹ̀, àti ọmọ tí òun gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rí tó dojú bolẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

“Na manta, Màláàmù,” ló wí. Ó ní òun ti gbàgbé.

Bí mo ṣe ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ fún mi ní Yorùbá pé, “Má fòyà.”

Báyìí ni fáìlì náà ṣe di ti Kàdúná. Mo sáré bí ọmọ ẹran tí ìyá rẹ̀ sọnù. Mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sí kóòtù, ó búra pé òun kan náà ni Ràímì Àlàbí àti Rahimi Ilori. Mo lọ gba lẹ́tà ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Mo fi fáìlì lé dírẹ́bà ìjọba lọ́wọ́ fúnra mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, fáìlì padà. Wọ́n ní ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé ìbúra àti ti ilé iṣẹ́ kò dọ́gba. Ta ló mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú àwọn àgbà wa? Akọ̀wé kóòtù fojú díwọ̀n rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ náà fojú díwọ̀n rẹ̀, ojú wọn kò sì dọ́gba. A tún búra. Fáìlì tún lọ. Ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ sí ìsinmi.

Lójoojúmọ́ ni Sàlámọ́tù ń ya káńtà mi. Á kúnlẹ̀ kí mi, á ní, “Àǹtí, ṣé ó ti dé?” Èmi tí wọ́n kọ́ pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́, mo ń sọ ọ́: ó di ọ̀la. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín tábìlì mi àti tábìlì Màláàmù Gàmbo. Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan mo débẹ̀, ó gbójú sókè, mo béèrè tàdáwà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ìwọlé kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, ìyẹn náà kọjá. Ọmọ náà mú lẹ́tà wọn wá fi hàn mí, tí wọ́n fi ní wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Ẹ ṣeun.” Mo wọ inú yàrá tí a ń kó fáìlì sí, mo sunkún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún dán ìdánwò náà wò, wọn kò pè é. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Ọkùnrin oníṣòwò kan wá fẹ́ ẹ, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì kékeré kan fún un ní Kwangila, ní Zaria níbí.

Iṣẹ́ ń lọ ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ìṣirò oníná dé, a gbé eléyìí tí a ń fi ọwọ́ yí jù sí kọ̀rọ̀. Màláàmù Gàmbo fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fún mi ní kálámù rẹ̀, ó ní nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́, èmi ni òun fọkàn tán jù. Mo gbà á. Mi ò fi kọ nǹkan kan rí. Lẹ́yìn náà ni Kàdúná ní kọ̀ǹpútà ti dé, kí a kó gbogbo káàdì wa wá kí ẹ̀rọ lè kà wọ́n. Wọ́n dá gbogbo owó àdápadà dúró, ti Bàbá Sàlámọ́tù wà nínú rẹ̀, títí ẹ̀rọ yóò fi kà á tán. Àwọn ènìyàn ń bi mí, mo ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ń kà á lọ́wọ́. Nígbà tí bébà gígùn tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde dé nígbẹ̀yìn, tí etí rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́, èmi ni mo là á. Mo ń fi ìka tọ orúkọ títí mo fi bá a: Ràímì Àlàbí, tó tún ń jẹ́ Rahimi Ilori. Wọ́n ti fọwọ́ sí owó rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí Bàbá. Kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo mú un wọ yàrá inú, mo gbé àga fún un. Ó fi lẹ́tà Lárúbáwá fọwọ́ sí ìwé náà láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Owó náà kò tó nǹkan, haraji ọdún mélòó kan ni. Ó kà á, ó dì í sí etí fìlà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní èmi ni mo dúró ti ọ̀rọ̀ náà, Ọlọ́run á dúró ti èmi náà.

Ọpẹ́ yẹn ni mi ò lè gbé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, èmi ni mo kọ Ilori yẹn.”

“Mo mọ̀,” ló wí. “Ṣebí ojú mi lo ṣe kọ ọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kí o lè bi mí ní orúkọ mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé rèé.”

Mo ní kò parí síbẹ̀. Mo sọ ohun tí Màláàmù Gàmbo sọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún un, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ó yíjú sí mi. Ó ní, “O ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ì bá tún un ṣe?”

“Ọjọ́ yẹn gan-an, Bàbá.”

“Tí mo bá sọ pé ìwọ ni?”

“Tí ẹ bá sọ ọ́. Tàbí tí èmi bá jẹ́wọ́. Ẹ̀yin kò mọ̀, Bàbá. Èmi mọ̀.”

Ó gbé ọwọ́ sórí ọ̀pá rẹ̀, kò wò mí. Mo rò pé yóò gégùn-ún fún mi, mo sì fẹ́ kó ṣe é. Dípò bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́, ó wá orí mi títí ó fi rí i, ó gbé ọwọ́ náà lé e.

“Modúpẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Sàlámọ́tù gbọ́. Ìjọba ló rò pé ó ṣe é. Jẹ́ kó máa bínú sí ìjọba. Ìjọba tóbi, ó lè gbà á. Èmi ò lè gbà á.”

Mo ṣèlérí fún un. Kò lo ọdún méjì sí i kó tó kú. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí wọ́n fi fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì. Láti ìgbà tí Bàbá ti bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò tún kọ orúkọ àgbàlagbà kankan láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí n sì bi í, àti orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n ní mo rí wọn fín. Mo fara mọ́ ọn. Ọmọ ọmọ mi, tí ó bá wù ọ́, lọ ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ṣe àṣìṣe, dìde lójú ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ tó wúwo.

Sàlámọ́tù kú lọ́dún tó kọjá. Mo lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kwangila. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀ níwájú mi lójú gbogbo ènìyàn, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní títí ìyá àwọn fi kú, ó ń sọ fún àwọn pé nínú gbogbo ọ́fíìsì owó orí yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣàánú àwọn, pé èmi ni. Mo gbé e dìde. Mi ò lè la ẹnu mi lọ́jọ́ náà. Ìwé yìí ni èsì mi.